Àpótí Kẹ́ẹ̀gì Kan ní Gurugu

Nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí a ń pè ní Bàbá, ní Gurugu, lórí pẹpẹ onígi tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àpótí dúdú kan wà tó jókòó jẹ́ẹ́ bí àgbàlagbà tó ti jẹun yó. Kò ní iná aláràbarà tó ń ṣẹ́jú, kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn lè fi yọjú wo inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni iwájú rẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bíi síléètì ọmọ iléèwé. Bí gbogbo ilé bá ti sùn, tí ẹ wá dẹ etí sí i, ẹ ó gbọ́ èémí kan tó rọra ń lọ, bíi ti ọmọ ọwọ́ tó sùn wọra. Kọ̀ǹpútà ni. Òun ni Bàbá fi ń wo fíìmù, òun ló fi ń gbọ́ àpàlà, òun náà ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń wo àwòrán ìkómọ tí wọ́n yà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ àpótí náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Gurugu jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá ilẹ̀ Gánà. Ilẹ̀ Dagomba ni. Láàárọ̀, "Dasiba" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, "Naa" sì ni èsì. Ilẹ̀ pupa ló yí àwọn ilé ká, alùpùpù ń lọ ń bọ̀ láti ìdájí, eruku ọ̀kan kò tíì balẹ̀ tí ti èkejì fi ń gbéra. Àwa Yorùbá ti pẹ́ níbẹ̀. Kí ó tó di 1969, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìgbòho pọ̀ nínú ọjà Tamale. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi nígbà náà. Ó sọ fún mi pé rédíògíráàmù bàbá òun kò rí àyè nínú ọkọ̀, pé aládùúgbò kan ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, àti pé òun ń bojú wẹ̀yìn wò ó títí ọkọ̀ fi yà. Ìgbà tó dàgbà tán ló tó padà sí Tamale. Nígbà tó wá ní kí n bá òun wá àpótí kékeré tí a ó to kọ̀ǹpútà tẹlifíṣọ̀n sí, gbólóhùn méjì péré ló sọ: "Kó má pariwo. Kó sì ṣeé gbé."

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń nawọ́ sí tí a ń pè ní CPU, àpótí lásán ni; CPU gan-an, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò tóbi ju ohun tí ènìyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò lọ. Kéèsì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe àpótí náà. Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ló ń pinnu bí kéèsì yóò ti tóbi tó. Ọdún 1995 ni Intel gbé ìwọ̀n ATX jáde, èyí tí àwọn àpótí gogoro abẹ́ tábìlì ń tẹ̀lé títí di òní. Ní 2001 ni ilé iṣẹ́ VIA ti ilẹ̀ Taiwan gbé Mini-ITX dé, bọ́ọ̀dù tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, tí kò ju àwo oúnjẹ ọmọdé lọ. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti lè wọ pálọ̀ láìgba àyè ẹnikẹ́ni. Lítà ni àwọn tó mọ̀ nípa irú àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń wọn inú rẹ̀, bí ẹni ń wọn epo pupa. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ bí kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ti tó.

Mo wá fi kẹ́ẹ̀gì wọn gbogbo wọn. Antec ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ ISK 110, kò tó gálọ́ọ̀nù òróró lítà 4, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń dè é mọ́ tí ojú kò fi ní rí i rárá. Fractal Design, ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Göteborg ní Sweden, ṣe Node 202, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 10.2, ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Àwọn kan sì wà tí fífẹ̀ wọn tó sẹ̀ǹtímítà 43, tí wọ́n dùbúlẹ̀ bíi fídíò dẹ́ẹ̀kì. Ìgbà tí Microsoft gbé Windows Media Center jáde ní 2002 ni irú wọn gbòde, kí wọ́n lè bá ẹ̀rọ amóhùn-gbóòrò dọ́gba lórí pẹpẹ. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n pẹpẹ Bàbá kò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ mú ojú mi ni ti Streacom, àwọn ará Netherlands. Kò ní fáànù kankan. Alumíníọ̀mù tó nípọn ni gbogbo ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là wínníwínní bí ìyàrí, paipu bàbà sì ń kó ooru láti orí CPU lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà kí afẹ́fẹ́ pálọ̀ lè gbà á. Ohun tí kò ní fáànù kò lè pariwo, kò sì ní fa eruku. Mo rò pé mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ooru Tamale máa ń kọjá dígírì 38, ó sì máa ń sún mọ́ 40. Irú àpótí yìí kò ní agbára mìíràn ju pé kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká tutù ju ara rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dán an wò nínú yàrá tó wà ní dígírì 22, tí CPU gbóná dé 70, ẹ gbé e wá sí pálọ̀ tó wà ní 38, kí iṣẹ́ tó ń ṣe má sì yí padà: yóò sún mọ́ 86. Kò ní jó, nítorí CPU òde òní mọ bí a ti ń dẹwọ́ iṣẹ́ kí ooru má bàa pa á. Ṣùgbọ́n fíìmù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, yóò máa ta kọ́sọ́kọ́sọ́, níwájú àlejò.

Tí a bá sì ní kí fáànù wà, eruku ń bọ̀. Èmi kò mọ ibi tí eruku ti gbajọba bíi Tamale nígbà ọyẹ́. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad, adágún tó gbẹ láyé àtijọ́. Ó kúnná ju èlùbọ́ lọ. Ó ń wọ inú àpótí aṣọ tí a ti pa, ó ń wọ abẹ́ àwo tí a dojú rẹ̀ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ilẹ̀ pupa àdúgbò fúnra rẹ̀, tó wúwo díẹ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo ti ṣí kọ̀ǹpútà kan rí ní ìlú yìí tí ojú irin tó ń kó ooru CPU rẹ̀ ti dí bámúbámú, tí eruku inú rẹ̀ ṣeé ká sókè bí ẹní. Ọmọńlé ti yé ẹyin méjì sí ẹ̀gbẹ́ páwà páàkì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná fún un. Èmi fúnra mi ni mo bá ẹni tó ni ín ra àpótí náà. Mo rà á nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rẹwà. Síkúrúù mọ́kànlá ni mo sì tú kí n tó rí inú rẹ̀. Ẹni tó ni ín kò tú u rí láti ọdún mẹ́ta.

Síkúrúù mọ́kànlá yẹn ló là mí lójú. Àpótí tó ṣòro láti ṣí, a kì í ṣí i.

Èyí tí a wá mú ni Node 304, ti ilé iṣẹ́ Sweden kan náà, tó kọ́kọ́ dé orí àtẹ ní 2012. Sẹ̀ǹtímítà 25 ni fífẹ̀ rẹ̀, 21 ni gíga rẹ̀, 37 àti díẹ̀ ni gígùn rẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà 20: kẹ́ẹ̀gì kan gééré. Àwọn mìíràn yóò ní ó ti tóbi jù fún ohun tí a ń pè ní kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú mi fi dùn sí i.

Gbogbo ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ ló ní asẹ́. Asẹ́ ni mo pè é, nítorí bí asẹ́ ògì gẹ́lẹ́ ló rí: ojú rẹ̀ wẹ́, ó ṣeé yọ, ó ṣeé fi omi ṣàn, ó ṣeé sá. Fáànù méjì tí ìbú wọn jẹ́ mìlímítà 92 wà níwájú tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan tó jẹ́ 140 wà lẹ́yìn tó ń tì í síta. Fáànù ńlá kò ní láti sáré kó tó fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. Mo so ti ẹ̀yìn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù kí n lè jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé láti inú asẹ́ lè ju èyí tó ń jáde lọ. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ inú àpótí ni yóò máa wá gbogbo ihò kéékèèké gbà jáde, eruku kò sì ní ráyè gba ibẹ̀ yọ́ wọlé. Èyí tí mo rò pé ó ga jù nínú ọgbọ́n àwọn tó ṣe é nìyẹn: wọ́n fi afẹ́fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn.

Ó gba páwà páàkì ATX, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kéré jù ú lọ fẹ́ oríṣi SFX, èyí tí oníṣẹ́ Tamale yóò ní kí ẹ dúró dè láti Accra. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, páwà páàkì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ń kú. Àwọn ará Gánà sọ ọ̀rọ̀ náà lórúkọ nígbà tó le jù, láàárín 2012 sí 2016: dumsor, láti èdè Twi, pa á, tàn án. A ti gbé sítébíláísà síwájú rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ pé bó bá jó lọ́la, ṣọ́ọ̀bù atúnṣe tó bá sún mọ́ wa jù lọ yóò ní òmíràn.

Ó tún ní àyè fún háàdì dísìkì ńlá mẹ́fà. Ẹni tó ń gbé ní Stockholm lè má rí ìwúlò rẹ̀, nítorí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fíìmù rẹ̀ wà. Bàbá kì í fi dátà wo fíìmù. Ó ń tọ́jú wọn ni: fíìmù Yorùbá tí àbúrò rẹ̀ ń dà sínú dísìkì láti Ògbómọ̀ṣọ́, fíìmù èdè Dagbani tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn, wáàsí, ìgbéyàwó, ìsìnkú. Mẹ́ta ti kún. Kodi, ètò tó ń to gbogbo wọn pọ̀ pẹ̀lú àwòrán, ni wọ́n fi rìmóòtù ń yí bíi tẹlifíṣọ̀n lásán.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí, mo rántí pé àwọn kan ti fi kẹ́ẹ̀gì gan-an ṣe kéèsì. Jerry ni orúkọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011, wọ́n fi ọ̀bẹ la kẹ́ẹ̀gì lítà 20, wọ́n to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú rẹ̀. Ó dé Abidjan, ó dé Cotonou níbi tí ibùdó BloLab ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣíṣe rẹ̀. Ní Gánà, kẹ́ẹ̀gì ofeefee náà ní orúkọ tirẹ̀: Kufuor gallon, láti ìgbà ìjọba ààrẹ John Kufuor tí omi wọ́n, tí gbogbo ilé ń tò ó sídìí ẹ̀rọ omi. Mo sọ fún Bàbá pé mo lè fi ọ̀kan ṣe tirẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ tí wọ́n tò sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi ni mo fi èyí pọn. Mú ti pálọ̀ wá fún mi." Mo bọ̀wọ̀ fún Jerry gidigidi, nítorí ẹni tó ṣe é kò bẹ̀rù kọ̀ǹpútà mọ́, ó mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ọ̀rá kò ní asẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà ọyẹ́, ọmọ-ọmọ Bàbá tó jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń yọ okùn iná, ó ń fi ọwọ́ lásán tú síkúrúù ẹ̀yìn, ó ń gbé ìbòrí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ó ń fa iwájú alumíníọ̀mù náà yọ, ó ń yọ asẹ́, ó ń gbé e lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì omi. Omi àkọ́kọ́ á pupa bí omi osùn. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé rírọ̀ gbá inú, ó ń sá asẹ́ sábẹ́ igi niimu, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá fi máa da kókò sínú abọ́, ó ti gbẹ. Kò tó ìṣẹ́jú 20. Ọyẹ́ méjì ti kọjá lórí àpótí yẹn, inú rẹ̀ sì mọ́ ju inú tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè rẹ̀ lọ. Kìlógíráàmù márùn-ún ni òfìfo rẹ̀ wọ̀n. Ọmọ náà ń dá gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Tamale, ní Kánò, ní Sokoto, tàbí níbikíbi tí ọyẹ́ ti ń jà, tí ẹ sì fẹ́ ra irú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí òǹtajà ṣí i lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kó yọ asẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wá súkúdíráfà lọ, ẹ dá a padà sí i lọ́wọ́.