Máíkì Kan Kò Tó fún Àkọ́díọ̀nù

Níbi ìnáwó òkú kan tí a lọ ní Yoko, àwọn eléré gbé àkọ́díọ̀nù jáde, inú wa sì dùn, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì láàárín wa. Ṣùgbọ́n kí orin kejì tó parí, a ti mọ̀ pé ìlàjì rẹ̀ ni à ń gbọ́. Máíkì kan ṣoṣo, tí àwọn tó kàwé Faransé ń pè ní micro, ni wọ́n gbé kọ́ irin sí ọwọ́ ọ̀tún olórin. Ohùn tínrín ń dún ketekete. Ohùn nínípọn ti ọwọ́ òsì ń lọ, ó ń bọ̀.

A kò dá olórin lẹ́bi. Ẹwìrì ló wà láàárín àkọ́díọ̀nù, bíi ti alágbẹ̀dẹ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń mú àwọn ewé irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ohùn ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún a dúró ti àyà olórin, ṣùgbọ́n ti òsì ń rìn: bí ẹwìrì bá fẹ̀, ó jìnnà sí máíkì, bó bá kó jọ, ó tún sún mọ́ ọn.

I. K. Dairo, tí wọ́n bí ní Ọ̀ffà ní 1930, tó sì dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, ló gbé àkọ́díọ̀nù oníbọ́tìnnì mẹ́wàá lárugẹ nínú jùjú. Nínú àwo rẹ̀, àkọ́díọ̀nù àti gángan ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀kan kì í bo èkejì mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kò ní ariwo ẹ̀rọ amúnáwá. Síbẹ̀, òun ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn èyí tí à ń gbọ́ lóde.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí ni pé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ń dáwó láti ra ẹ̀rọ, máíkì aláìníwáyà ni wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ. Máíkì kékeré méjì tí a so mọ́ ara àkọ́díọ̀nù, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni àwa fara mọ́: ibi tí ẹwìrì bá lọ, máíkì á bá a lọ. Àwọn kan a máa tì í bọ inú rẹ̀, kí ìlù má baà wọlé. A ti gbọ́ irú rẹ̀; ìró bọ́tìnnì ń ta pápápá ju orin lọ. Bí sípíkà bá sì sún mọ́ olórin, kí wọ́n ra èyí tó ń gbọ́ láti iwájú nìkan, kí ẹ̀rọ má baà máa han goooro.

Ti aláìníwáyà ńkọ́? Bí olórin bá jókòó, wáyà tó. Bó bá ń rìn tọ àwọn tó ń náwó fún un lọ, ó nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ń lo 2.4 GHz, ọ̀nà kan náà tí Wi-Fi ń gbà. Ẹ̀rọ àfiránṣẹ́ kan fún máíkì méjì ń po ohùn méjèèjì pọ̀; ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò ní lè dín ọ̀tún kù láìdín òsì kù. Méjì ni kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n fi wáyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà ní Yoko, ẹ̀rọ amúnáwá kú. Olórin kò dúró. Àwa tó sún mọ́ ọn gbọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí iná tó dé.