Sílébù Nínú Ọ̀rọ̀-Orúkọ Alákànpọ̀

Iye ohùn tó bá wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá ni iye sílébù rẹ̀. Ṣakí ní méjì, Ṣa-kí, èyí tí olùkọ́ máa ń pè ní re-mí. Ìsẹ́yìn ní mẹ́ta, dò-mí-dò. N tó parí Ìsẹ́yìn kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, torí kò sí sílébù Yorùbá tí kọ́ńsónáǹtì ń parí. Ó kàn ń fi hàn pé ẹnu àti imú la fi pe fáwẹ̀lì náà ni. Ìdí nìyí tí sányán, tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń hun, fi jẹ́ sílébù méjì péré, sán-yán. Àlàárì ní mẹ́rin, à-là-á-rì, bí etí tó ń kánjú tilẹ̀ ń gbọ́ mẹ́ta. Ti òǹkọ̀wé yàtọ̀: ǹ inú rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, ó sì dá sílébù ṣe, ò-ǹ-kọ̀-wé.

Inú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ ni ẹwà gígé sílébù wà. Àwọn tó ń sọ èdè Dutch ní Nẹ́dálándì máa ń gé tiwọn níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. Bí wọ́n bá gé kwartslagen sí kwart-slagen, yíyí nǹkan ní ìdá mẹ́rin ni; bí ó bá di kwarts-lagen, ìpele òkúta ni. Yorùbá kì í dá irú ààlà bẹ́ẹ̀ sí. Nínú a-pẹ-ja, ara “pa” ni p ti wá, ara “ẹja” ni ẹ ti wá, sílébù kan ṣoṣo ló sì kó àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá gé e sí ap-ẹja kò tíì gé sílébù. Òkè àti ihò ló bí orúkọ ìlú Òkèhò, síbẹ̀ Ò-kè-hò ló kù. Ìpajẹ ti mú i lọ.

Fáwẹ̀lì lè kú kí ohùn rẹ̀ yè. Kọ àti ìwé di kọ̀wé: ì ti lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí ọ. Ohùn àárín kò lágbára tó bẹ́ẹ̀; ti ihò bá fáwẹ̀lì rẹ̀ lọ. Nínú iléèwé, ì kò kú rárá, àrànmọ́ ló sọ ọ́ di è, sílébù mẹ́rin sì pé.

Ní ti kíkọ èdè náà sílẹ̀, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ bíbí Òṣogùn lágbègbè Ìsẹ́yìn, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àmì kan lórí fáwẹ̀lì kan la fi ń dúró fún fáwẹ̀lì méjì. Akọtọ́ 1974 ló ní kí a kọ méjèèjì síta, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá ṣì ń kọ “iléwé” ti jẹ sílébù kan mọ́lẹ̀.