Oṣù Mẹ́ta Tàbí Oṣù Mẹ́fà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ní Nàìjíríà ni yóò rántí Ketrax, oògùn aràn tí wọ́n máa ń fún wa nígbà èwe. Levamisole ni àwọn oníṣègùn ń pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ló lè rò ó pé oògùn tó ń lé aràn jáde lára ọmọdé ni wọn yóò mú ti fluorouracil lẹ́yìn, kí wọ́n jọ gbèjà àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní ọdún 1990, Charles Moertel ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé oògùn méjèèjì dín ewu kí àìsàn náà padà wá kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì dín ikú kù ní ìdá 33. Ṣáájú ìgbà náà, bí dókítà bá ti fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó kù sí ọwọ́ orí oníkálukú.

Ohun tí ọwọ́ ọ̀bẹ kò tó ni kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ń lépa. Wọ́n ti gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n ti so ojú ìfun méjèèjì pọ̀, ọgbẹ́ ń jinná, aláìsàn ti ń jẹ àmàlà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò bá rí jẹjẹrẹ nínú àwọn kókó kéékèèké tó fara pamọ́ sínú ọ̀rá ẹ̀bá ìfun, wọn á ní ó ti dé ìpele kẹta. Ó ti jáde nílé nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ, kó sì ba síbi tí ẹ̀rọ kankan kò ti lè rí i, bí irúgbìn èpò tó ti dà sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó fa ìyá rẹ̀ tu.

Fluorouracil ni baba gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí, kò sì tíì sí èyí tó lé e kúrò nípò. Charles Heidelberger àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ló gbé e jáde ní 1957. Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ eku máa ń gbé uracil mì ju ẹ̀dọ̀ tí kò ní àìsàn lọ; uracil yìí sì wà lára èròjà tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń lò. Heidelberger mú un, ó yọ ẹyọ haidirójìn kan kúrò lára rẹ̀, ó fi fluorine dí àlàfo náà. Jẹjẹrẹ kò dá a mọ̀. Ó gbé e mì, ó sì há a lọ́fun. Apẹja tó fi ekòló bo ìwọ̀ kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn yìí kì í sú mi, nítorí wọn kò ṣèèṣì rí oògùn náà. Wọ́n ronú kàn án ni.

Ketrax kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Leucovorin, tó bá fólíìkì tí àwọn aláboyún ń lò tan, ló gba ipò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í pa jẹjẹrẹ. Ńṣe ló ń di ẹran mú fún fluorouracil.

Lẹ́yìn náà ni oxaliplatin dé. Yoshinori Kidani ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Nagoya, ní ilẹ̀ Japan, ní 1976, láti ara pílátínọ̀mù tí wọ́n fi ń rọ òrùka olówó ńlá. Nínú ìwádìí MOSAIC, tó jáde ní 2004, èèyàn 2,246 ló kópa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 78.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oxaliplatin mọ́ fluorouracil ni àìsàn náà kò padà bá. Ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 72.9. Èèyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ẹran ọdẹ tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ó ń gba owó rẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó gbà á lánàá. Ó ṣí fíríìjì, ó na ọwọ́ mú ike omi, ó sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan wáyà iná. Ìyẹn máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ń yọ́ wọlé bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni kì í fẹ́ lọ bọ̀rọ̀: orí ìka á kú tipiri, òwú kò ní wọ ojú abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì á di ìjàkadì. Bí ẹni náà bá jẹ́ télọ̀ tàbí onídìrí ńkọ́?

Bí oxaliplatin bá bá fluorouracil àti Leucovorin rìn, FOLFOX ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gbà á, fluorouracil a sì máa kán sínú iṣan fún wákàtí 46 láti inú ìgò kékeré tí aláìsàn so mọ́ ìbàdí lọ sílé, tó ń bá a sùn, tó ń bá a jí. Bí ó bá jẹ́ capecitabine ló bá a rìn, ó di CAPOX. Hóró ni capecitabine, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 14, kí a sinmi fún ọjọ́ méje. Inú ara ló ti ń yí padà di fluorouracil. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bá jà: wọ́n á dúdú, wọ́n á bó, wọ́n á sán bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni, bí kíndìnrín mi bá gbà á, hóró ni màá mú, kí n gbàgbé ìgò ìbàdí.

Iṣẹ́ tí mo kan sáárá sí jù kò mú oògùn tuntun kankan jáde. Daniel Sargent, onímọ̀ ìṣirò ní Mayo Clinic, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Ó kú ní 2016, kò rí èso rẹ̀. IDEA ni orúkọ iṣẹ́ náà: ìwádìí mẹ́fà tí wọ́n pa pọ̀, orílẹ̀-èdè 12, aláìsàn 12,834. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, ṣé a kò lè dín oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń gba kímò kù sí mẹ́ta? Èsì jáde ní 2018. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 74.6 nínú àwọn tó gba kímò fún oṣù mẹ́ta ni ara wọn ṣì dá. Ti olóṣù mẹ́fà jẹ́ 75.5. Ìṣirò náà kò fi gbogbo ẹnu sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìka: nínú àwọn tó gba FOLFOX fún oṣù mẹ́fà, ìdá 47.7 ni iṣan ìmọ̀lára wọn bàjẹ́ débi tó hàn. Olóṣù mẹ́ta, 16.6. Fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì la ògiri ìfun já, tí kókó tó bà lé kò ju mẹ́ta lọ, CAPOX olóṣù mẹ́ta kò rẹ̀yìn rárá. Ẹni tí tiẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà ṣì dára fún un, pàápàá bó bá jẹ́ FOLFOX. Nílẹ̀ wa tí ọ̀pọ̀ ti ń fi owó àpò ara wọn ra oògùn, oṣù mẹ́ta tí a yọ kúrò lè jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ̀ lé ẹni yín lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má kọ́kọ́ béèrè orúkọ oògùn. Ẹ béèrè pé kókó mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò (ó yẹ kó tó 12, ó kéré tán), àti pé mélòó ni wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú rẹ̀.