Àgbéyẹ̀wò Tíọ́rì Oje Ara Mẹ́rin nínú Ìtàn Ìmọ̀ Ìṣègùn

Nínú ìwé Nípa Àdámọ́ Ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí iṣẹ́ Polybus, àna Hippocrates, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni tíọ́rì oje ara mẹ́rin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé náà sọ pé ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro aláwọ̀ ìyeyè àti òróòro dúdú ni ó wà nínú ara ènìyàn. Bí wọ́n bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ara yóò le; bí ọ̀kan bá pọ̀ jù tàbí tí ó dín jù, àìsàn dé.

Iyì tí ó tọ́ sí tíọ́rì yìí kò kéré. Kò wá okùnfà àìsàn lọ sọ́dọ̀ òrìṣà tí ń bínú. Inú ara àti ojú ọjọ́ ni ó ti wá a. Ó kọ́ oníṣègùn láti wo aláìsàn fínnífínní. Galen, tí wọ́n bí ní Pergamon ní ọdún 129, ṣe àlàyé lórí ìwé náà. Ibn Sina lo ẹ̀kọ́ yìí nínú Qanun tí ó parí ní 1025. Nípasẹ̀ wọn ni ó fi gbilẹ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára tíọ́rì yìí wà gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. Kò sí àbájáde ìtọ́jú tí kò lè ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, oje tí ó pọ̀ jù ni ó dín. Bí ó bá kú, wọ́n lè ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò tó, tàbí pé ó ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, 1799, léraléra ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí àrùn ọ̀fun. Kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti kú.

Ìṣirò ni ó mi ìgbàgbọ́ yìí. Ní 1835, Pierre Louis tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris jáde, lórí aláìsàn òtútù àyà 77. Nínú 41 tí wọ́n tètè fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, 18 kú. Nínú 36 tí wọ́n fa tiwọn nígbà tí ó yá, 9 kú. Ní 1858, ìwé Rudolf Virchow fi hàn pé inú sẹ́ẹ̀lì ni ó yẹ kí wọ́n ti máa wá àrùn.

Ní ìkádìí, kò yẹ kí olùkọ́ fi tíọ́rì yìí ṣe ẹ̀sín níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ó yẹ kí ó fi kọ́ wọn láti bi àlàyé tí ó bá dùn létí léèrè: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀? Àlàyé tí kò ní èsì sí ìbéèrè yìí lè pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.