Ọgbọ́n Ọdún Yìí, Wèrè Ẹ̀míì: Ìgbéléwọ̀n Àwọn Ìwé tí Ń Kọ́ni ní Ìṣàkóso Sáfà Ímeèlì

Ìwé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í pẹ́ gbó. Nítorí náà, àṣà tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n wo ọdún tí a tẹ ìwé jáde, kí wọ́n mú èyí tí ó tuntun jù, kí wọ́n sì pa àwọn yòókù tì. Ní ti ìṣàkóso sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń gba lẹ́tà wọlé tí ó sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ síta, òṣùwọ̀n yìí nìkan kò tó. Inú ìwé kan náà ni ohun tí ó ti kú àti ohun tí ó ṣì wà láàyè máa ń wà. Ìwé tí ó bá ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ó yẹ kí a pè ní ìwé rere.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ó bá fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ máa lọ lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, láti orí ẹ̀rọ tirẹ̀, nílò ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí. Bí ẹni náà bá ṣi òfin kan kọ, sáfà náà lè di ojúlé gbangba tí àwọn oníjìbìtì ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́. Láìpẹ́, àwọn sáfà mìíràn yóò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọn kò ní gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn mọ́. Lẹ́tà ìgbàwọlé kò ní dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àbá àwọn olùyẹ̀wò kò ní dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé, ó sì lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ìwé tí ó lókìkí jù nínú àwọn ti àtijọ́ ni *sendmail*, tí Bryan Costales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, tí O'Reilly kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1993. Eric Allman tí ó ṣẹ̀dá ètò sendmail fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Àwòrán àdán ni ó wà lára èèpo ìwé náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń pè é ní ìwé àdán. Ẹ̀dà rẹ̀ kẹrin, tí ó jáde ní 2007, ju 1,000 ojú-ìwé lọ. Agbára rẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí kọ́lọ́fín tí kò tú wò. Àléébù rẹ̀ kò sì jìnnà sí agbára náà. Ìwé atọ́ka ni, tí ènìyàn ń ṣí nígbà tí ó bá ti mọ ohun tí ó ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò mọ orúkọ igi púpọ̀ kí ó tó mọ ọ̀nà inú igbó.

Kyle D. Dent gba ọ̀nà mìíràn nínú *Postfix: The Definitive Guide* (O'Reilly, 2003). Postfix ni ètò tí Wietse Venema kọ ní ilé-iṣẹ́ IBM, tí ó jáde ní 1998. Dípò kí ètò ńlá kan ṣoṣo máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ó pín in fún àwọn ètò kéékèèké: ọ̀kan ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan ń tún un tò, ọ̀kan ń bójú tó ìlà ìdúró, ọ̀kan sì ń gbé e jáde. Kí Dent tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àṣẹ kalẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ímeèlì jẹ́ àti bí a ti pín iṣẹ́ inú Postfix. Ìtòsẹ̀ yìí ni iyì ìwé náà, nítorí ẹni tí ó bá mọ yàrá tí lẹ́tà há sí ni yóò mọ ibi tí yóò ti wá ìdí tí kò fi lọ.

Síbẹ̀, àwọn àṣẹ inú ìwé náà kan ti di ti àtijọ́. Nígbà tí a kọ ọ́, abẹ́ `smtpd_recipient_restrictions` ni a ń kọ òfin nípa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba inú sáfà fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbòmíràn sí, pẹ̀lú òfin tí ń dí ímeèlì pàǹtírí lọ́nà. Ní 2013, Postfix 2.10 mú `smtpd_relay_restrictions` wá láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí àṣìṣe nínú ọ̀kan má baà ṣí ilẹ̀kùn èkejì sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da àpẹẹrẹ ọdún 2003 kọ kò ní mọ̀ pé òfin mìíràn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá há, ibi tí ìdí náà kò sí ni yóò ti máa wá a. Ohun kan náà ni a lè sọ nípa *The Book of Postfix* tí Ralf Hildebrandt àti Patrick Koetter kọ ní 2005. Ó gùn ju ti Dent lọ, ó sì wọ inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí àlàyé bá ti súnmọ́ àṣẹ tó ni ó ń súnmọ́ ọjọ́ ogbó tó.

Ohun tí ó wà láàyè nínú ìwé Dent ni ìyàtọ̀ láàrin àdírẹ́sì ara àpò-ìwé àti àkọlé tí ó wà lórí lẹ́tà. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi àrokò ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Ìránṣẹ́ mọ ilé tí ó ń lọ nítorí pé a sọ ọ́ fún un, kì í ṣe nítorí pé ó tú ẹrù wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni SMTP, ìlànà tí RFC 821 fi lélẹ̀ ní 1982. Sáfà kan ń sọ fún èkejì ẹni tí ó rán lẹ́tà àti ẹni tí a rán an sí. Orúkọ olùránṣẹ́ tí òǹkàwé ń rí lójú ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú ẹrù, ó sì lè yàtọ̀ sí èyí tí a fi ẹnu sọ.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó mú kí ìwé ọdún 2003 wúlò fún ohun tí kò tíì sí nígbà tí a kọ ọ́. RFC 7489, tí ó ṣàlàyé DMARC, jáde ní 2015. Dent kò lè kọ́ni ní i. Ṣùgbọ́n kí ni DMARC ń ṣe? SPF ń wádìí bóyá ẹ̀rọ tí ó gbé lẹ́tà wá ní àṣẹ láti ọ̀dọ̀ dòméènì ara àpò. DKIM ń fi òǹtẹ̀ dòméènì kan lu lẹ́tà. DMARC wá ń béèrè pé kí dòméènì tí ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́rìí sí bá ti olùránṣẹ́ tí ó wà lórí lẹ́tà mu. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onímọ̀ kan, tí sáfà ẹgbẹ́ náà pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni yóò wà lára àpò. SPF yóò jẹ́rìí sí ẹgbẹ́, kì í ṣe sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí a bá tún fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, òǹtẹ̀ DKIM yóò bàjẹ́. Orí lẹ́tà ṣì ń pe orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹni tí ó há àṣẹ sórí kò ní rí ìdí èyí. Ẹni tí ó lóye àpò àti ẹrù yóò rí i.

*Run Your Own Mail Server* tí Michael W. Lucas tẹ̀ jáde ní 2024 dí àlàfo yìí. Ọdún yẹn náà ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè SPF, DKIM àti DMARC lọ́wọ́ àwọn tí ń fi lẹ́tà tí ó ju 5,000 lọ ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́. Lucas fi Postfix àti Dovecot kọ́ni lórí FreeBSD àti Debian, ó sì fi àwọn ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àárín iṣẹ́ dípò kí ó fi wọ́n ṣe àfikún. Àléébù rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni pé ó gbà pé òǹkàwé ti mọ iṣẹ́ Unix tẹ́lẹ̀. Òun náà yóò sì gbó.

Òṣùwọ̀n kan kù tí òǹkàwé Yorùbá ní láti fi kún un: ǹjẹ́ ìwé náà lè ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ọ àti ṣ lójú ọ̀nà? ASCII nìkan ni SMTP ọdún 1982 mọ̀. MIME, tí ó jáde ní 1992, ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn lẹ́tà mìíràn nínú ẹrù, nítorí náà orúkọ bíi Ṣọlá lè hàn lórí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kí Ṣọlá tó lè wà nínú àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, àfi kí àwọn sáfà ojú ọ̀nà gba SMTPUTF8, tí RFC 6531 fi lélẹ̀ ní 2012, tí Postfix sì gbà wọlé ní 2015 pẹ̀lú ẹ̀dà 3.0. Níhìn-ín pẹ̀lú, àpò àti ẹrù ni kókó ọ̀rọ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀, àwọn orí àkọ́kọ́ nínú ìwé Dent ni ó yẹ kí ó ṣáájú, fún òye. Ìwé Lucas ni kí ó tẹ̀ lé e, fún iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé àdán lè wà lórí pẹpẹ fún ẹni tí iṣẹ́ bá gbé dé ìdí sendmail. Kò sì yẹ kí a da àṣẹ kankan kọ láti inú èyíkéyìí nínú wọn láìfi wé àlàyé ẹ̀dà tí ó wà lórí ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ irú ìwé yìí ní èdè Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àrokò ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ yóò yí padà, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́, àpò àti ẹrù ni yóò ṣẹ́kù.