Ìṣirò Òòfà fún Rọ́bọ́ọ̀tì Tó Ń Gun Okùn Òfurufú

Ní 1960, Yuri Artsutanov, ẹnjiníà ará Leningrad, dábàá pé kí a na okùn láti ìlà agbedeméjì ayé dé òfurufú, kí ọkọ̀ máa gùn ún. A kò tíì rí okùn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ wù mí púpọ̀.

Ká mú rọ́bọ́ọ̀tì tó wúwo tó 1,000 kìlógíráàmù. Nílẹ̀, òòfà ayé ń fà á pẹ̀lú nǹkan bí 9,800 newton. Bó bá gòkè dé 400 kìlómítà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń rò pé òòfà ti tán níbẹ̀. Rárá o! Ó ṣì ku bí 8,700, nítorí àárín gbùngbùn ayé ni Newton ní ká ti wọn jíjìnnà, kì í ṣe orí ilẹ̀. Ní 6,371 kìlómítà lókè, jíjìnnà náà di ìlọ́po méjì, òòfà sì di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ní 35,786 kìlómítà, òòfà ku bí 224 newton péré. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, okùn ń bá a yí, ó sì ń ju rọ́bọ́ọ̀tì síta bí òkúta tí a so mọ́ okùn tí a ń fì. Níbẹ̀, agbára méjèèjì dọ́gba, rọ́bọ́ọ̀tì kò wúwo mọ́. Bó bá kọjá ibẹ̀, òkè ni yóò máa fà á lọ, bíréèkì ni yóò sì nílò.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò yìí.