Jagunjagun àti Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo fẹ́ sọ. Irú eré kan wà tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń jókòó yí tábìlì ká láti ṣe. Olúkúlùkù a di ẹlòmíràn, a sì máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Olùdarí eré a máa sọ ohun tí ojú wọn rí. Níbi tí ó bá ṣòro, dáìsì a dá ẹjọ́. Mo ti ṣe méjì nínú wọn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò bí a ti í yẹ ìwé ìtàn wò.

Èkínní ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ohun mẹ́fà ni ó fi ń wọn ènìyàn: agbára, ìyára, ìfaradà, òye, ọgbọ́n, àti ìwà tí í fa ènìyàn mọ́ra. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ti ń ṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè láti ipele dé ipele. Jagunjagun ni mo fi ṣe é. Ìkookò kan ṣoṣo lè pa á nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a parí, òmìrán ń sá fún un. N kò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́, idà rẹ̀ nìkan ni mo lè ṣàpèjúwe.

Èkejì ni Call of Cthulhu, tí Sandy Petersen kọ, tí ilé-iṣẹ́ Chaosium tẹ̀ jáde ní 1981. Níhìn-ín, ẹni lásán ni ẹ̀dá ìtàn, làákàyè rẹ̀ ni a sì ń fi nọ́ḿbà wọ̀n. Mo ṣe ọmọ Yorùbá kan tí ó ń kọ́ òfin ní London ní 1926, tí í máa lọ sí ìpàdé WASU, ẹgbẹ́ tí Ladipo Solanke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1925. Kò mọ ìbọn í yìn. Ìwé kíkà ni ohun ìjà rẹ̀.

Òfin kan wà nínú eré yìí tí ó gbà mí lọ́kàn. Bí ẹ̀dá ìtàn bá rí ohun abàmì, tí ó sì pàdánù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú làákàyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a óò da dáìsì láti mọ̀ bóyá òye rẹ̀ ká a. Bí kò bá ká a, ó bọ́. Bí ó bá ká a, orí rẹ̀ dàrú, nítorí pé ó mọ ohun tí ó rí. Èmi tí mo ń kọ́ èdè ní yunifásítì ni mo ń gbàdúrà lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mi ya òpè. Òye rẹ̀ ká a. Gbogbo wa dákẹ́.

Eré yìí ní àbùkù ńlá. Inú ìtàn H. P. Lovecraft ni a ti fà á yọ, ọkùnrin tí ó kú ní 1937, tí ó kórìíra ènìyàn dúdú, tí kò sì fi í pamọ́ nínú ohun tí ó kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí a tìtorí èyí pa á tì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn mi, n kò sì lè já a ní koro. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irú ẹni tí Lovecraft fojú tẹ́ńbẹ́lú ni ó wà láàárín ìtàn lálẹ́ ọjọ́ náà, tí àánú rẹ̀ sì ń ṣe wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ayọ̀ ìṣẹ́gun, kí ó gbé idà. Ní tèmi, eré tí ó jẹ́ kí ìmọ̀ ná ẹ̀dá ìtàn ní nǹkan ni ó sọ ọ́ di ènìyàn lójú mi. Ẹni tí ó bá rò ó lọ́nà mìíràn, kí ó kọ tirẹ̀ wá.